Àga Ẹ̀yìn Náà, Inú Ilé Ni Ó Wà

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí máa ń ṣẹ mọ́ ọ̀dọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì lára. Ó rí ère, ó rí àbẹ́là, ó rí Fadá nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó sì rí bí gbogbo ìjọ ṣe ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fi ẹnu kan dáhùn ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí wọn létí. Ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó kàn. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti jókòó ni òun ń dìde. Ojú ń tì í, ó sì ń rò ó pé òun ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Síbẹ̀, nǹkan kan ló fà á wọlé. Bóyá ó bá ọ̀rẹ́ lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ náà. Bóyá ilé ìwé àwọn Sístà ló ti kàwé, tí àdúrà òwúrọ̀ ibẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bóyá ó kàn ń kọjá lọ ni, tó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, tó wọlé jókòó, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ọmọ ilé Pẹ́ńtíkọ́sì, ọmọ Kérúbù, ọmọ Sẹ̀lẹ́, ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Mùsùlùmí, tàbí ẹni tí wọn kò tọ́ sínú ẹ̀sìn kankan, tó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Ọlọ́run lè sún mọ́ òun nínú ilé tí òun kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Ó lè sún mọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ mi nìyẹn, òun náà sì ni ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Ìwọ kò ní láti di onílé kí o tó gbàdúrà nínú ilé. Àga ẹ̀yìn tí o jókòó sí, inú ilé ni ó wà, ẹni tó bá sì fi sùúrù jókòó síbẹ̀ yóò rí ohun tí akánjú kì í rí. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún.

Bí ọmọ Yorùbá bá ní òun ń lọ sí Kátólíìkì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi bi í pé, “Ṣé ìjọ àwọn Ìbò kọ́ nìyẹn ni?” Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; jẹ́ kí a wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Kí Fadá kankan tó fìdí kalẹ̀ ní Èkó ni àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n sì padà wálé, ti ń gbàdúrà Kátólíìkì níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, ló ń kó wọn jọ. Kì í ṣe Fadá, kò sì lè ṣe Mísà fún wọn. Ọdún 1863 ni Fadá Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní SMA wá bẹ̀ wọ́n wò, ó sì di ọdún 1868 kí Fadá Pierre Bouche tó wá bá wọn gbé. Ní gbogbo ọdún tó ṣáájú ìbẹ̀wò Borghero, kò sí Mísà, kò sí Kòmúníọ̀n, àfi àdúrà tí wọ́n ti há sórí láti òkè òkun wá àti ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i. Ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn lónìí, tí o kò tíì lè bá wọn jẹ níbi pẹpẹ, ipò tí àwọn Àgùdà ìṣáájú wà fún ọdún pípẹ́ ni o wà. Ọlọ́run kò sì jìnnà sí wọn.

Ohun mìíràn tó máa ń dẹ́rù ba àlejò ni ère. Ẹni tí wọ́n ti ń kìlọ̀ òrìṣà fún láti kékeré á rí ère Màríà tó gbé ọmọ dání, àyà rẹ̀ á sì já. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ igi gbígbẹ́, láti wá gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù di ọba Yorùbá lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lámídì Fákéye, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá-Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Lámídì, Mùsùlùmí ló sì jẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn Fadá wọ̀nyẹn kò ní kó kọ́kọ́ yí ẹ̀sìn padà kó tó fọwọ́ kan igi. Àlejò ẹlẹ́sìn mìíràn ló gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn onílé ń gbà wọlé.

Nítorí náà, má sá fún ère. Rìn sún mọ́ ọn, kí o wò ó. Kátólíìkì kì í bọ ère. Ẹni tí ère náà ń rán wọn létí ni wọ́n ń bu ọlá fún, Ọlọ́run nìkan ni wọ́n sì ń sìn. Ibi tó dára jù fún ojú àlejò láti bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀nà Àgbélébùú, àwọn àwòrán mẹ́rìnlá tó yí ògiri ká, láti ìgbà tí wọ́n dá Jésù lẹ́bi títí dé ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ibojì. Bruce Onobrakpeya ló ya èyí tó wà ní St. Paul's, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ní àwọn ọdún 1960. Rìn ín láti ọ̀kan dé èkejì, fúnra rẹ, láìsọ̀rọ̀. Dúró pẹ́ níbi tí ojú rẹ bá ti fẹ́ dúró. Ẹni tí wọ́n ti já kulẹ̀ rí yóò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí. Ní àsìkò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, gbogbo ìjọ ló ń rìn ín pa pọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, àyè sì wà fún ọ láti bá wọn rìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi ọ́ léèrè ìwé ìrìbọmi.

Bí o bá wá bi mí pé ọjọ́ wo ni kí o kọ́kọ́ lọ, n kò ní rán ọ lọ ní ọjọ́ Àìkú. Lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, lọ́sàn-án tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí èrò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lásìkò yẹn. Àwọn mìíràn tún ní ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Adoréṣọ̀n, ìjọsìn ìdákẹ́jẹ́ níwájú Sakaramẹ́ńtì Mímọ́. Wo apá pẹpẹ. Ìwọ yóò rí àpótí kan tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú iná pupa kékeré kan tó ń tàn nítòsí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Iná yẹn ló ń sọ fún ẹni tó bá wọlé pé Sakaramẹ́ńtì Mímọ́, búrẹ́dì tí wọ́n ti yà sí mímọ́ ní Mísà, wà nínú àpótí náà. Kátólíìkì gbà pé Kristi fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Bí o kò bá tíì gbà bẹ́ẹ̀, má díbọ́n. Tẹrí ba díẹ̀ láti bu ọlá fún onílé, kí o sì jókòó.

Pa fóònù rẹ. Jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ ni kí o sọ, ní èdè tí o fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ gbèsè, ì báà jẹ́ ìdánwò JAMB, ì báà jẹ́ àfẹ́sọ́nà tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, ka Sáàmù kan, rọra kà á. Bí kíkà bá sú ọ, dákẹ́. Ọlọ́run tí o wá bá kò ní kí o máa fi ariwo dá òun lára yá.

Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé irú wákàtí tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo bẹ́ẹ̀ ló yí ọkàn rẹ̀ padà. Edith Stein ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní ọdún 1891 ní Breslau, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Láti ìgbà ọ̀dọ́langba rẹ̀ ló ti pa àdúrà tì. Fílọ́sọ́fì ló kọ́ ní yunifásítì, orí rẹ̀ sì pé gidigidi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yà wọ Kàtídírà Frankfurt láti wo ilé náà. Bí wọ́n ṣe dúró níbẹ̀ ni obìnrin kan wọlé tòun ti agbọ̀n ọjà lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Edith kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ní sínágọ́gù àti ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì tó mọ̀, ìgbà ìsìn nìkan ni ènìyàn ń lọ. Obìnrin yìí já iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí méjì láti wá bá Ẹni kan sọ̀rọ̀ nínú ilé tó ṣófo, bí ìgbà tí ènìyàn yà kí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Àṣé ó ṣeé ṣe láti mọ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀?

Láti ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìrìbọmi Edith, nǹkan bí ọdún márùn-ún ló kọjá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1922 ló ṣe ìrìbọmi. Ní àárín àkókò náà, ó kàwé, ó bi ìbéèrè, ó ṣiyèméjì, ó dá dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ọ̀dọ́ ìsinsìnyí tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì mọ irú ilé tí òun ń wọ̀.

Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti mọ ilẹ̀ náà díẹ̀, wá lọ sí Mísà. Mísà òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀: kì í sábà ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, èrò ibẹ̀ kì í pọ̀, kò sì sí ìfilọ̀ gígùn. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wá ìyá àgbà kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, jókòó sẹ́yìn rẹ̀, bó bá dìde kí o dìde, bó bá jókòó kí o jókòó. Bó bá kúnlẹ̀, bá a kúnlẹ̀ bí ọkàn rẹ bá fẹ́, tàbí kí o jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ lẹ́jọ́. Ọkùnrin á ṣí fìlà. Obìnrin á mú ìborùn dání, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọ níhìn-ín kò fẹ́ orí òfìfo. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu géètì Mísà wo ni ti Yorùbá, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó àti Ìbàdàn ní ju ẹyọ kan lọ, Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, Yorùbá lọ́tọ̀, Ìbò lọ́tọ̀. Títí di ìgbà Ìpàdé Fátíkàn Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wáyé láti ọdún 1962 sí 1965, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Mísà ní ibi púpọ̀ jù lọ. Lónìí, o lè fi èdè abínibí rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Apá méjì gbòógì ni Mísà ní. Apá ìṣáájú ni ti Ọ̀rọ̀: kíka Bíbélì, orin Sáàmù, Ìhìnrere, ìwàásù. Kì í ṣe Fadá ló ń yan ibi tí wọn yóò kà. Ìwé kíkà ti wà ní ètò tẹ́lẹ̀, ti ọjọ́ Àìkú ń yí po ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ibi kan náà ni wọ́n sì máa ń kà ní Òṣogbo, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Bahia lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìwọ àlejò ni pé o lè múra sílẹ̀. Wá ibi kíkà ọjọ́ náà lórí fóònù rẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá wá ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ náà yóò ní ibi kan tí o ti ń bá wọn bọ̀.

Apá kejì ni ti pẹpẹ. Fadá yóò mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ funfun, yóò sọ ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, yóò gbé e sókè. Aago kékeré yóò dún. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ife wáìnì. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ariwo tán. Ọmọ ọwọ́ nìkan ló lè máa ké. Wo ojú àwọn tó kúnlẹ̀. Bàbá tó ń jà níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ti di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lókè. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ wà lójú wọn. N kò mọ ìwàásù tó lè ṣàlàyé Kátólíìkì fún àlejò ju ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tò lọ gba Kòmúníọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti máa ń gbọgbẹ́. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì kì í bá wọn gbà á, má sì ṣe gbà á nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti dá jókòó. Nígbà tí Fadá bá gbé Ara Olúwa síwájú ènìyàn tí onítọ̀hún sì dáhùn pé “Àmín,” ohun tó ń sọ ni pé òun gba gbogbo ohun tí ìjọ yìí gbà, òun sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí ọkàn rẹ kò bá tíì lè sọ bẹ́ẹ̀, jíjókòó rẹ jẹ́ òtítọ́, Ọlọ́run sì fẹ́ràn òtítọ́. Kátólíìkì gan-an tó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà lọ́rùn òun tí òun kò tíì jẹ́wọ́ kì í lọ. Wo àyíká rẹ dáadáa: àwọn mìíràn náà jókòó, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n ní ìdí. Lo àkókò yẹn. Sọ fún Jésù pé ebi rẹ̀ ń pa ọ́, kó wá sínú ọkàn rẹ bó ṣe mọ̀. Àwọn ẹni mímọ́ pàápàá máa ń gba irú àdúrà yìí lọ́jọ́ tí wọn kò bá lè dé ibi Mísà.

Ọ̀dọ́ tó ti ilé ìjọ alágbára wá máa ń sọ fún mi pé àdúrà Kátólíìkì kò gbóná, pé ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ ṣáá. Mo máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìyá rẹ fi oríkì tuntun kí ọ? Láràárọ̀ tí o bá kúnlẹ̀ kí i, Àjọkẹ́ náà ni Àjọkẹ́, Àkànní náà ni Àkànní, ọ̀rọ̀ kan náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, orí rẹ sì ń wú lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Rósárì, àdúrà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà, rí lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnu ń tún ọ̀rọ̀ sọ kí ọkàn lè ráyè ronú ìgbésí ayé Jésù, láti ìgbà tí áńgẹ́lì kí Màríà títí dé Àjíǹde àti ògo tó tẹ̀ lé e. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Mú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá péré: Baba Wa lẹ́ẹ̀kan, Mo Kí Ọ Màríà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Ògo Ni Fún Baba lẹ́ẹ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, o sì lè ṣe é nínú bọ́ọ̀sì láti Ọ̀jọ́ta dé Ọ̀bàlẹ́ńdé, kí àyè sì tún ṣẹ́kù. Ọmọ Mùsùlùmí tó ti ń rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ṣùgbọ́n bí ti Màríà bá ṣì ń kọ ọ́ lọ́rùn, fi í sílẹ̀ ná. Baba Wa àti Sáàmù tó ọ láti jẹ fún ọdún kan.

Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí nǹkan kan kò ní ṣe ọ́. Ìwọ yóò jókòó níwájú iná pupa yẹn, ọkàn rẹ á gbẹ, oorun á máa kùn ọ́, ìwọ á sì rò pé o ti ṣẹ Ọlọ́run tàbí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni. Ìyá Teresa ti Kolkata, tí gbogbo ayé mọ̀, kú ní ọdún 1997. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ó yani lẹ́nu: fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, òkùnkùn ló wà lọ́kàn obìnrin náà, kò gbúròó Ọlọ́run nínú àdúrà rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń dìde lójoojúmọ́, ó ń gbàdúrà, ó ń wẹ ẹni tó ń kú lọ lójú títì. Orí rẹ yá tàbí kò yá, kò sọ bí Ọlọ́run ṣe sún mọ́ ọ tó. Lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí o dá. Bó bá gbẹ, jókòó nínú ọ̀gbẹlẹ̀ náà, kí o sì padà wá.

Má sì dá nìkan rìn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí o bá wà ní yunifásítì, wá àwọn ọmọ NFCS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kátólíìkì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún àlejò ni ti St. Vincent de Paul, tó ń tọ́jú àwọn aláìní. Frédéric Ozanam, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1833, ọ̀dọ́ bíi tìrẹ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ fún opó kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bẹ̀ wọ́n pé kí o bá wọn gbé e. Ẹni tó bá ti bá wọn gbẹ́rù wọ ilé ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe àjèjì sí wọn mọ́, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé inú yàrá opó yẹn gan-an ni ènìyàn ti ń rí Ọlọ́run tó ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí n kò ní gùn lórí rẹ̀. Àlejò ni àwọn alárékérekè ń kọ́kọ́ rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o wá gbàdúrà ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú òun nìkan lóru, tàbí tó dá owó lé ọ kí Ọlọ́run tó gbọ́, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ì báà wọ aṣọ funfun. Òfin ìjọ kò gbà pé kí wọ́n fi Sakaramẹ́ńtì du ẹnikẹ́ni nítorí àìlówó. Bí o bá fẹ́ bá Fadá sọ̀rọ̀, jẹ́ kó jẹ́ lójúmọmọ, ní ọ́fíìsì, níbi tí ènìyàn ti ń lọ tí wọ́n ti ń bọ̀. Fadá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá tó ti gba ààwẹ̀ lórí rẹ, bàbá tó ń jí ọ fún àdúrà àsùbáà, wọn kò ní ṣàì dààmú bí wọ́n bá gbọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko mọ́ni. Má fi Kátólíìkì bú ẹ̀sìn ìyá rẹ. Má ṣe sá lọ, má ṣe purọ́ ibi tí o lọ. Edith Stein tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú ìyá rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi nígbà tó gbọ́ pé ó ti di Kátólíìkì, nítorí Júù tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni ìyá náà. Ṣùgbọ́n bí Edith bá ti padà sílé ní Breslau, ó máa ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí sínágọ́gù, á jókòó tì í, á sì bá a gbàdúrà Sáàmù. Kò sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Hitler kó o pẹ̀lú àwọn Júù mìíràn lọ pa ní Auschwitz ní oṣù kẹjọ ọdún 1942, ó ti di Sístà nínú ẹgbẹ́ Kámẹ́lì, ọmọ Júù sì ni síbẹ̀. Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1998.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kánjú lé ọmọ jáde. Ọmọ tó ń wá Ọlọ́run kò tíì sọnù. Ẹ bi í ní ohun tó rí níbẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ dópin. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Bí o bá ṣì wà lábẹ́ òrùlé òbí rẹ tí wọn kò sì gbà, ìwọ gbọ́ tiwọn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè gba Sáàmù lẹ́nu rẹ tàbí kó ní kí o má bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí ẹní rẹ. Bí o bá ti dàgbà tó láti pinnu, tí ọkàn rẹ sì ti dúró lórí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, lọ bá katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú. Bí wọn kò bá tíì rì ọ́ bọmi rí, ìwọ yóò wọ kíláàsì katikísìmù; ó máa ń gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ó lé ní ọdún kan, òru Àjíǹde ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe ìrìbọmi àwọn àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ti fi omi rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, wọn kì í tún un ṣe. Wọn yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́, ìwọ yóò sọ ìgbàgbọ́ rẹ níwájú ìjọ, wọn yóò sì fún ọ ní Kọnfaméṣọ̀n àti Kòmúníọ̀n. Wá ìwé ìrìbọmi rẹ àtijọ́ bó bá wà, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀. Sọ orúkọ rẹ fún katikíìsì, sọ ibi tí o ti ń bọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, kí o sì bi í ní ọjọ́ àti aago tí kíláàsì ń pàdé.